Ọ̀kọ̀ àti Ilé Tó Ń Jò

Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀kọ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì fà á. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ahunṣọ lè máa rò pé ọ̀kọ̀ tí ọdẹ fi ń gún ẹran là ń wí. Rárá o. Ọ̀kọ̀ tiwa ni igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń fi òwú sí nínú, tó ń sáré lọ, tó ń sáré bọ̀ nínú ẹ̀rọ títí òwú á fi di aṣọ. Bí ọ̀kọ̀ bá jókòó, aṣọ dúró nìyẹn.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń hunṣọ, ẹ̀rọ tò lọ rẹrẹ, gbogbo wọn ló sì ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá pariwo títí ọ̀fun rẹ fi ya, ẹni tó dúró tì ọ́ kò ní gbọ́. Ètè làwọn ahunṣọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀: kí ìwọ la ẹnu dáadáa, kí ẹnìkejì wò ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n èdè tiwa yìí kì í ṣe èdè tí ètè nìkan lè dá gbé. Wo ètè ẹni tó ń sọ pé igbá, wo ètè ẹni tó ń sọ pé igba, kí o wá sọ fún mi èwo ni èwo. Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ohùn kì í sì í hàn lẹ́nu. Àwọn ahunṣọ wá gbé iṣẹ́ ohùn fún àgbọ̀n. Bí ohùn bá gòkè, wọ́n á gbé àgbọ̀n sókè. Bó bá wálẹ̀, wọ́n á tẹ àgbọ̀n wálẹ̀. Bó bá wà láàárín, àgbọ̀n á dúró síbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ará ìta tó bá pàdé wọn lọ́nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ á ní kí ló ń ṣe àwọn èèyàn yìí tí wọ́n ń mi orí bí alángbá. Ẹni tí kò gbédè ẹga ní í sọ pé ẹga ń pàtótó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó débẹ̀. Ó tètè mọ ètè kà, àgbọ̀n ni kò tíì mọ̀. Obìnrin kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ tó kọjú sí tirẹ̀, àtàárọ̀ ló sì ti ń wo ètè obìnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun lobìnrin náà ń bá sọ̀rọ̀. Àfi bí ọ̀kọ̀ obìnrin náà ṣe fò jáde nínú ẹ̀rọ, tó sì wọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Mo ń wá ọ̀kọ̀."

Ohun tí ọ̀rẹ́ yín rí ni pé ó ń wá ọkọ. Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn lọ bá a, ó fọwọ́ sọ̀yà, ó ní, "Èmi nìyí."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ẹ̀rín ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èjìká ń gbọ̀n káàkiri, fọ́máànù sì sáré wọlé wá wo ohun tó ń dá ẹ̀rọ dúró. Abẹ́ ẹ̀rọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni wọ́n ti rí ọ̀kọ̀ tó sọnù. Kí ọdún tó yí po, ẹni tó ń wá ọ̀kọ̀ ti rí ọkọ. Ìyàwó búra pé òun tẹ àgbọ̀n wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọkọ búra pé àgbọ̀n náà kò mira rárá. Ẹjọ́ yẹn ò tíì parí títí di òní. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó ti ń pè é ní "Ọ̀kọ̀ mi", àlejò tó bá sì gbọ́ á máa ṣàánú obìnrin tí kò mọ ohùn tí wọ́n fi ń pe ọkọ ẹni.

Orúkọ a máa ro èèyàn. Ọ̀kọ̀ kò lè jókòó. Ilé iṣẹ́ náà ló ni àwọn ilé tó tò lẹ́yìn rẹ̀, ojúlé fara ti ojúlé, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé, kò sì sí wàhálà ojúlé kankan tí kì í dé etí rẹ̀ nígbà tí etí ṣì wà. Bí iná ojú pópó bá kú lọ́nà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ alẹ́ ń gbà bọ̀, òun ni yóò lọ dúró sí ọ́fíìsì kánsù títí wọn á fi tàn án. Òun ló jà títí ilé ìwòsàn àdúgbò fi ń ṣílẹ̀kùn kí fèrè iṣẹ́ àárọ̀ tó fọn, kí ìyá ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lè rí dókítà kó sì bá iṣẹ́. Ó ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀. Níkẹyìn àwọn ará àdúgbò ní, "Ìwọ tó o ń da kánsù láàmú lójoojúmọ́, o ò kúkú wọlé lọ jókòó síbẹ̀?" Wọ́n dìbò fún un, ó wọlé, ó di kánsẹ́lọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó fún un níyàwó náà ló gba etí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbà á lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ gba orin ẹyẹ, ó gba agogo ilẹ̀kùn, ó wá gba ohùn èèyàn. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ní tirẹ̀, torí pé nígbà tó lóyún ni wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ká aṣọ, ibẹ̀ sì dákẹ́. Dókítà ní kò sí àtúnṣe. Nígbà tí Ọ̀kọ̀ fi máa dé kánsù, ariwo ló kù tó ń gbọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó bẹ ìyàwó rẹ̀. "Òfin kánsù ni pé ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ kò lè jókòó síbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ta ló ń gbọ́ nínú wọn? Òṣèlú wo lẹ rí tó ń gbọ́ ohun tí aráàlú ń sọ? Ẹ̀yin kàn ní ìwé dókítà ni."

Ó ṣe yẹ̀yẹ́ náà tán, ó sì pàrọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sí ti àárọ̀ nítorí ọkọ rẹ̀. Gbogbo ọ̀sán tí kánsù bá ń jókòó, á lọ sí ibi àga aráàlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níwájú, lápá ọ̀tún Alága, níbi tí Ọ̀kọ̀ ti lè rí i kedere. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, á máa fi ètè sọ ọ́ láìlóhùn, á sì máa gbé àgbọ̀n sókè sódò. Ọ̀kọ̀ á máa wò ó bí ọmọdé ṣe ń wo ẹnu ẹni tó ń pa àlọ́. Àwọn kánsẹ́lọ̀ yòókù ní ìfẹ́ ló ń pa bàbá àgbà yìí, pé kò lè gbójú kúrò lára ìyàwó rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa.

Ẹni kan ṣoṣo tí obìnrin náà kò fẹ́ràn nínú kánsù ni Alága. Orí òkè lọ́hùn-ún ló ń gbé, láàárín àwọn ọlọ́lá, ti ilé iṣẹ́ ló sì sábà máa ń ṣe. Kọ́là rẹ̀ le gbandi. Orí kọ́là yẹn ni àgbọ̀n rẹ̀ máa ń wà, kì í lọ sókè, kì í wálẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ń kí èèyàn tàbí ó ń bínú. Ọrùn-ò-tẹ̀ làwọn aráàlú ń pè é lẹ́yìn.

"Ìgbéraga ọkùnrin yẹn pọ̀," ìyàwó Ọ̀kọ̀ máa ń wí. "Bí ẹni gbé irin mì ló rí."

Ọ̀kọ̀ á kàn rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀, jàre. Ọrùn ń dun ọkùnrin yẹn ni."

Ní ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya. Ìyàwó Ọ̀kọ̀ wà níbi iṣẹ́. Ìyá Aránṣọ, opó tó ń gbé lódìkejì títì, jáde sínú òjò, ó dúró sábẹ́ fèrèsé wọn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Ọ̀kọ̀ ń gbé, ẹni tó bá sì fẹ́ bá ará òkè sọ̀rọ̀ kò lè máa wo ilẹ̀. Ìyá Aránṣọ káwọ́ lérí, ó gbójú sókè, àgbọ̀n rẹ̀ sì bá ojú lọ sókè. Ó pariwo, ó ní, "Kánsẹ́lọ̀! Ilé mi ń jò o!"

Ọ̀kọ̀ yọjú. Ó rí ètè, ó rí àgbọ̀n lókè téńté. Ilé mi ń jó!

Ó sáré sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà. Ó gba fóònù lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀, ó ké sí panápaná, ó sọ tirẹ̀ tán, ó sì gbé e sílẹ̀ kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ panápaná fi dé tòun ti agogo. Gbogbo àdúgbò jáde sínú òjò. Ọ̀gá panápaná gbé rọ́bà omi léjìká, ó já wọ ilé Ìyá Aránṣọ, ó ní, "Iná dà?"

"Iná wo?" Ìyá Aránṣọ dá a lóhùn. "Omi ni mo ní."

Omi ló ní lóòótọ́. Ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì nàró ti ògiri, ó ti fi ọ̀rá bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Báálì, abọ́, ìkòkò, títí kan ife tó fi ń mu omi, gbogbo wọn ló wà nílẹ̀ tí wọ́n ń gbe òjò. Ọ̀gá panápaná dúró, omi ń kán sórí akoto rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, àwọn aládùúgbò ti fà á lọ́wọ́. "Ẹ wá wo tiwa náà." "Tiwa ló burú jù." Ó ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé àkàbà tí wọ́n gbé wá fún iná, wọ́n ta tapólì sórí àwọn ilé tó burú jù, akọ̀ròyìn tó tẹ̀lé wọn wá wo iná sì ya àwòrán ìkòkò àti abọ́. Ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú rí i nínú ìwé ìròyìn.

Ní kánsù, Lọ́yà dìde. Kánsẹ́lọ̀ bíi tiwọn ni, ilé iṣẹ́ aṣọ ló sì ń gbẹjọ́ rò fún. Ó ní, "Mo fẹ́ bi kánsẹ́lọ̀ wa léèrè: ta ní í pe panápaná nínú òjò?"

Ọ̀kọ̀ ka ìbéèrè náà tán lára ìyàwó rẹ̀. Ojú ò tì í rárá. Ó ní, "Ìgbà tí mo ń pe ẹ̀yin, ta nínú yín ló wá?"

Àtẹ́wọ́ bo ilé. Wọ́n ní ọgbọ́n òṣèlú nìyẹn, wọ́n ní Ọ̀kọ̀ ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Nígbà tó délé tó jẹ́wọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an, òun àti ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹkún gbọ̀n obìnrin náà. Ó kù díẹ̀ kí àṣírí tú, ó sì mọ̀ ọ́n.

Lọ́yà kò pàtẹ́wọ́. Ó sọ Ọ̀kọ̀ lórúkọ, ó ní Kánsẹ́lọ̀ Jò-tàbí-Jó, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń ṣọ́ ọ. Ó rí i pé bí ìyàwó bá húkọ́, ọkọ kì í rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó rí àgbọ̀n.

Ọ̀kọ̀ gbé àbá rẹ̀ wá: kí ilé iṣẹ́ tún àwọn ilé òṣìṣẹ́ kọ́, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ má bá wọn bẹ́ẹ̀. Kánsù pín sí méjì gẹ́lẹ́. Ìbò Ọ̀kọ̀ ni yóò gbé e wọlé, òun náà ni yóò sì gbé e ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín. Kánsù yìí fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ilé, Alága kì í béèrè pé "Ẹ gbà tàbí ẹ kọ̀?" Ohun tó máa ń béèrè ni "Kọ́ tàbí kọ̀?", gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín. Kọ́ ló máa ń ṣáájú. Àwọn tó ní kí wọ́n kọ́ ọ á nawọ́, lẹ́yìn náà làwọn tó kọ̀ ọ́. Ọ̀kọ̀ mọ àṣà náà bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìbò, Lọ́yà dìde kí ẹnikẹ́ni tó jókòó dáadáa. "Alága, ẹ jẹ́ kí aráàlú bọ́ síta tí a bá fẹ́ dìbò. Màmá kan wà níbẹ̀ yẹn tó ń mi orí bí alángbá, kò jẹ́ kí n ráyè ronú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kó aráàlú jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ̀yìn àwọn kánsẹ́lọ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà, gíláàsì sì wà lójú rẹ̀. Ìyàwó Ọ̀kọ̀ fi iwájú orí ti gíláàsì. Ẹ̀yìn orí ọkọ rẹ̀ ló ń rí, níbi tí irun ti ń tán lọ, àti ojú Alága lọ́ọ̀ọ́kán.

Ó rí Lọ́yà tó rìn lọ bá Alága, tó fi ìwé bo ẹnu. Ọkọ rẹ̀ kò lè ka ẹni tó fi ìwé bo ẹnu, ṣùgbọ́n etí tirẹ̀ gbọ́ ọ láti àlàfo ilẹ̀kùn. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti kọ̀ ṣáájú lónìí."

Ó yé obìnrin náà. Ọ̀kọ̀ yóò nawọ́ sí èyí àkọ́kọ́, bó ṣe máa ń ṣe. Yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àbá ara rẹ̀, lójú gbogbo ìlú, Ìyá Aránṣọ á sì tún máa gbe òjò nínú ife. Ó la ẹnu láti kígbe, ó sì tún pa á dé. Bó bá kígbe, ta ni yóò gbọ́? Gbogbo èèyàn ni, àfi ẹni tó yẹ kó gbọ́. Àwọn yòókù á sì wá mọ̀ pé ọkọ òun di adití, wọ́n á gba àga lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Alága dìde. Kọ́là rẹ̀ le bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká kọ̀ ọ́, ẹ nawọ́."

Ìgbọ̀nwọ́ Ọ̀kọ̀ ti kúrò lórí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ rí i. Ọwọ́ ń lọ sókè.

Alága kò tíì jókòó. Ó ń wo Ọ̀kọ̀. Ó tún un sọ, díẹ̀díẹ̀: "Ká kọ̀ ọ́." Bó ṣe ń pe kọ̀ ni àgbọ̀n rẹ̀ kúrò lórí kọ́là. Ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó ń bọ̀ wálẹ̀, títí ó fi kan àyà.

Obìnrin náà kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà tẹrí ba lásán. Ahunṣọ nìkan ló ń tẹ àgbọ̀n báyẹn, tàbí ọmọ tí ahunṣọ tọ́ dàgbà.

Ọwọ́ Ọ̀kọ̀ dúró lófuurufú. Ó mú un lọ sórí, ó fi họ irun díẹ̀ tó kù níbẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká kọ́ ọ," Alága wí, ó sì gbé àgbọ̀n sókè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ọ̀fun rẹ̀ fi hàn, "ẹ nawọ́."

Ọ̀kọ̀ nawọ́. Àbá wọlé.

Lọ́yà ń wo Alága bí ẹni wo aláìsàn. "Alága, ṣé kò sí o? Àbí ọrùn ń dùn yín ni?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí," Alága fèsì.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Alága gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ó bá ìyàwó Ọ̀kọ̀ níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri. Obìnrin náà fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ní kó má kúnlẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó la ẹnu láìlóhùn. Ètè rẹ̀ ní, "Tiwa náà jò." Àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ lórí jò, gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ. Ó tún kọ́là ṣe, ó gbé ọrùn rẹ̀ nàró, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nílé, obìnrin náà sọ ọ́ fún Ọ̀kọ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ọkọ rẹ̀ kò yanu rárá.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé kánsù," ó wí. "Ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀, kí ló ń dè é mọ́lẹ̀ fún? Ohun tó ń sá lọ là ń dè. Òun náà sì mọ̀ pé mi ò gbọ́ràn. Ó ti rí ọ tipẹ́."

"Ẹ ti mọ̀, ẹ wá jẹ́ kí n máa bú èèyàn láti ọjọ́ yìí wá? Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kì í ṣe àṣírí tèmi."

Ojú ti obìnrin náà. Inú tún bí i. Lẹ́yìn náà ìfẹ́ ọkùnrin yìí kún ọkàn rẹ̀ débi pé ó ní láti dìde lọ máa nu tábìlì tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Àmọ́ ṣá," Ọ̀kọ̀ wí, "ọkùnrin yẹn tẹ ọrùn rẹ̀ nítorí mi. Èmi náà á tẹ tèmi. Màá sọ fún wọn níjòókòó tó ń bọ̀."

"Wọ́n á lé yín jáde!"

"Kí wọ́n lé mi. Wọ́n á ṣáà kọ́ ilé."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ẹ sì mọ̀ pé bí Ọ̀kọ̀ bá ti ní òun ò gbọ́, kò sí ohun tí àgbọ̀n lè ṣe sí i.

Lọ́jọ́ ìjókòó, ìyàwó rẹ̀ wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀kọ̀ dìde. Kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Alága, ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Etí mi ti kú. Láti ọjọ́ tí mo ti wà pẹ̀lú yín, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan."

Lọ́yà ti ń dìde, tòun ti ìwé òfin lọ́wọ́.

Alága kọjú sí àwọn kánsẹ́lọ̀. "Kí ni kánsẹ́lọ̀ wa wí?" ó béèrè. "Èmi ò gbọ́." Ó gbé àgbọ̀n sókè lórí gbọ́, lójú gbogbo ayé, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. "Ṣé ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú yín?"

Wọ́n wo ara wọn. Àgbàlagbà kan tó nawọ́ sí kọ̀ lọ́jọ́ ìbò ló kọ́kọ́ gbin. "Mi ò gbọ́ o," ó ní.

"Èmi náà ò gbọ́," ẹlòmíràn wí láti ẹ̀yìn.

"A ò gbọ́."

Lọ́yà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rọra jókòó.

Ọ̀kọ̀ ṣì wà lórí ìdúró, ó ń retí ìdájọ́ rẹ̀. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, torí ẹ̀rín àti omijé kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ lè la ẹnu. Ó nu ojú, ó fi ètè sọ fún un, ó sì gbé àgbọ̀n sókè bó ṣe lè gòkè tó: "Wọ́n ní àwọn ò gbọ́."

Ọ̀kọ̀ jókòó. Alága ní ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gọ́tà.